Àwọn Ilé Àtijọ́ àti Àwọn Tí Ń Tọ́jú Wọn

  Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ní alẹ́ òní. Nígbà tí a bá pa á, ìdílé ni ọkàn wa máa ń lọ sí, baba àti babańlá, ipò àti ìwà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ilé inú òwe náà gẹ́gẹ́ bí ilé gan-an, ilé tí ó ní ògiri, tí ó ní òrùlé, tí ó ní ilẹ̀kùn. Bí a bá wó ilé ọ̀hún palẹ̀, kí ni a ó máa wò kí a tó sọmọ lórúkọ?

Ojú Ọrẹ ni mo fẹ́ kí a ti gbéra. Ẹni tí ó bá ti dúró níbẹ̀ rí, ní ilẹ̀ Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, yóò mọ̀ pé ariwo ni a kọ́kọ́ ń gbọ́. Àwọn agbèrò ń pe èrò, àwọn ọlọ́jà ń polówó, ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé ọjà ilé iṣẹ́ ńláńlá kọjá. Bí ènìyàn bá kọjú sí apá kan, Sango ni yóò dé, láti ibẹ̀ ni yóò sì bá ọ̀nà Èkó lọ. Bí ó bá kọjú sí apá kejì, yóò gba inú ìlú Ọ̀tà kọjá dé Ìdírókò, yóò fi ẹnubodè sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ kí ó tó dé Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ojú Ọrẹ wà láàárín ìlú méjì tí wọ́n jọ ní irú ilé kan náà, ilé àwọn Àgùdà. Ìtàn àwọn ilé wọ̀nyí ni yóò ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè kan: kí ni ó ń mú kí ilé kan dúró, tí èkejì rẹ̀ sì ń wó?

Ta ni àwọn Àgùdà? Ọmọ wa ni wọ́n. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì ni, àti ọmọ wọn, tí wọ́n ra ara wọn padà tàbí tí wọ́n gba òmìnira. Lẹ́yìn ọdún 1835, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá dìtẹ̀ sí àwọn olówó ẹrú ní ìlú Bahia, tí ìjọba sì fi ojú wọn rí màbo, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ òkun padà sí ilé. Wọ́n ń bọ̀ títí di ẹ̀yìn ọdún 1888 tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì. Wọ́n dó sí Èkó, sí Àjàṣẹ́, sí Wídà àti àwọn ìlú etí òkun mìíràn. Ní Èkó, àdúgbò wọn ni a mọ̀ sí Pópó Àgùdà.

Wọn kò kó wúrà bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà, alásè sì wà. Kí wọ́n tó dé, agboolé ni àwọn baba wa ń kọ́, ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí a fi koríko bo orí rẹ̀, tí yàrá yí àgbàlá ká. Àwọn Àgùdà mú irú mìíràn dé. Wọ́n mọ òpó róbótó sí iwájú ilé, wọ́n tẹ orí fèrèsé bí òṣùmàrè, wọ́n fi ọwọ́ ya òdòdó àti ewé sára ògiri tí ó ṣì tutù, wọ́n sì fi ọ̀dà aláràbarà kùn ún. Nínú ilé, wọ́n la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan já láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì to yàrá sí ọ̀tún àti sí òsì rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ nípa ilé kíkọ́ ti tọ́ka sí i pé láti ara rẹ̀ ni ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá ti tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí àwọn ayálégbé ń pè ní féèsì-mí-àì-féèsì-yú. Nítorí náà, ayálégbé tí ó ń gbé ní ẹ̀yìn Ojú Ọrẹ lónìí, tí ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà nítorí iná mànàmáná, ó ṣeé ṣe kí inú ilé tí ìran rẹ̀ ti Èkó àwọn Àgùdà wá ni ó ń gbé. Ìtàn kò jìnnà sí wa rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wọ Èkó wàyí, kí a wo ilé méjì. Èkíní ni mọ́sálásí Shitta-Bey. Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Shitta, oníṣòwò pàtàkì tí a bí ní Sàró, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Àgùdà ni olórí àwọn tí ó mọ ọ́n, João Baptista da Costa ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkó kan tí ń jẹ́ Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, òyìnbó Mùsùlùmí láti Liverpool, wá ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tí ó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ẹ wo ohun tí ó péjọ sí ara ògiri kan ṣoṣo: owó ọmọ Sàró, ọgbọ́n ọwọ́ tí a kọ́ ní Bùràsíìlì, ọwọ́ ọmọ Èkó, àti oyè láti ilẹ̀ Tọ́kì. Bí a bá ní kí a fi ẹnu sọ ìtàn Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilẹ̀ yóò ṣú. Mọ́sálásí náà ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá wò ó.

Ilé kejì kò sí mọ́. Ní gbàgede Tinúbú ni ó wà. Ìdílé Àgùdà kan, ìdílé Fernandez, ni wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó ní ẹnu ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ ní ìsàlẹ̀, ó sì ní fèrèsé gíga lókè. Ní ọdún 1933, ọmọ ilẹ̀ Èkìtì kan, Alfred Omolana Olaiya, rà á, ó sì fi orúkọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá pè é. Báyìí ni gbogbo Èkó ṣe mọ̀ ọ́n sí Ilojo Bar. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde pé ilé náà ti di ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katakata dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Ajé, ilé tí ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún ti di òkìtì bíríkì. Àwọn aláṣẹ bínú, àwọn ayàwòrán ilé sunkún, àwọn oníwèé ìròyìn kọ̀wé. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹkún mọ ògiri.

Ìlú kan náà, ọ̀rúndún kan náà, ọwọ́ irú àwọn ènìyàn kan náà. Kí ló dé tí ọ̀kan ṣì dúró, tí èkejì sì wó? Àwọn kan yóò ní òfin ni kò lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Òfin ti dé orí Ilojo Bar fún ọgọ́ta ọdún kí ó tó wó. Ohun tí kò ní ni ohun tí mọ́sálásí ní. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni ènìyàn ń wọ inú mọ́sálásí. Bí òrùlé bá jò, omi yóò kán sórí ẹni tí ń kírun, wọn yóò sì dá owó kí wọ́n fi tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé katakata dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo jàmáà ni yóò jáde. Ilé tí a ń lò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ilé tí a kàn fi orúkọ ńlá dá lọ́lá, tí a sì pa tì, ẹni kan ṣoṣo ni ó ń ṣọ́ ọ, òun náà ni ẹni tí ń ka iye tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò mú wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ojú Ọrẹ, kí a gba apá kejì ọ̀nà lọ sí Àjàṣẹ́. Láàárín ìlú náà ni mọ́sálásí ńlá kan wà tí àwọn Àgùdà Mùsùlùmí àti ọmọ wọn kọ́. Ọdún 1912 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún 1935 ni ó parí. Àlejò tí ó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí pé àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni ó wà lọ́kàn àwọn mọlémọlé náà. Ohun tí ojú wọn rí ní oko ẹrú ni wọ́n fi yin Ọlọ́run ní ilé. Mo máa ń rò pé kò sí ìwé kankan tí ó lè ṣàlàyé ohun tí ìgbèkùn ṣe fún ọkàn ènìyàn ju ògiri mọ́sálásí yìí lọ.

Kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ rí báyìí. Ní ilẹ̀ Mali, ní ìlú Djenné, mọ́sálásí kan wà tí a fi amọ̀ kọ́ láti ìpìlẹ̀ dé orí. Ọdún 1907 ni wọ́n tún un kọ́ sí bí ó ti wà lónìí. Òjò ọdún kan péré tó láti bẹ̀rẹ̀ sí fọ amọ̀ rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, gbogbo ìlú a jáde: àwọn ọ̀dọ́kùnrin a ru amọ̀, àwọn obìnrin a pọn omi, àwọn ògbóǹtarìgì mọlémọlé a gun igi tí ó yọ jáde lára ògiri, wọn a sì rẹ́ ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ ọdún ni ọjọ́ náà. Amọ̀ náà ni àwọn baba wa fi kọ́ ilé ní Ọ̀tà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ní Djenné, ìlú sọ àtúnṣe di àríyá.

Ẹ tún wo ilé ìṣọ́ onírin tí ó wà ní Paris, èyí tí Eiffel kọ́ ní ọdún 1889. Ogún ọdún péré ni wọ́n fún un ní àṣẹ láti fi dúró. Bí ogún ọdún ṣe ń pé, ó di mímọ̀ pé ibi gíga bẹ́ẹ̀ dára láti fi ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Ìwúlò ni ó gbà á lọ́wọ́ ikú. Lónìí, kò sí ẹni tí ó lè ronú kan Paris láìsí i.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí nínú ilé rẹ̀ báyìí pé, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí. Ta ni yóò fún wa lówó?" Ìbéèrè gidi ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ilé ìdílé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Baba kú, ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́wàá; ọmọ mẹ́wàá bí ọmọ àádọ́ta. Òrùlé ń jò, páńkẹ́ ti jẹrà, ilẹ̀ sì ti wọ́n bí ojú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba dé, ó ní, "Ẹ kò gbọdọ̀ wó o, ẹ kò gbọdọ̀ tà á bí ó ti wù yín," ó sì padà lọ láìfi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí a di ẹrù lé lórí, tí a kò fún ní òṣùká, bí ó bá sọ ẹrù náà kalẹ̀ ní òru, a lè bá a wí, ṣùgbọ́n a gbọdọ̀ bi ara wa léèrè pé ta ni ó di ẹrù náà. Bí ilé bá jẹ́ ti gbogbo wa nínú ìwé òfin, ó yẹ kí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa nínú àpò. Ìjọba lè yọ owó orí ilẹ̀ kúrò fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ó lè bá wọn kan páànù. Ó lè yá ilé náà lọ́wọ́ wọn, kí ó fi ṣe ilé ìkàwé tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí owó ilé sì máa wọlé fún wọn.

Àwọn ẹlòmíràn náà ti jẹ irú ìyà yìí kí wọ́n tó gbọ́n. Ní ìlú New York, ibùdókọ̀ ojú irin kan tí ó lẹ́wà púpọ̀, Pennsylvania Station, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó ní ọdún 1963, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ju àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta lọ. Ó dun àwọn ará ìlú náà débi pé ní ọdún 1965, wọ́n ṣe òfin ìdáàbòbò fún àwọn ilé pàtàkì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gogoro lé orí ibùdókọ̀ kejì, Grand Central, òfin náà ni ó dá wọn dúró, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1978. Ilé kan kú kí èkejì lè yè. Ilojo Bar ti kú ní tiwa. Èwo ni yóò yè nítorí rẹ̀?

Ní ìlú Warsaw, ní ilẹ̀ Pólàǹdì, àwọn ọmọ ogun Jámánì fọ́ ìlú àtijọ́ náà túútúú ní ọdún 1944. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará ìlú tún un kọ́, ilé dé ilé. Báwo ni wọ́n ṣe mọ bí ó ti rí? Wọ́n lo àwòrán tí ayàwòrán kan, Bernardo Bellotto, ti yà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àti ìwọ̀n tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé yíyà ti gbà sílẹ̀ ṣáájú ogun. Ní ọdún 1980, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí a ronú lé èyí: ìwọ̀n àti àwòrán tí ẹnìkan fi sùúrù gbà sílẹ̀ ni ìlú odidi fi jí dìde.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Àwọn mìíràn ń bi wá pé, ṣé ó yẹ kí a tọ́jú ilé tí ìtìjú wà nínú rẹ̀? Ní Àgbádárìgì, a ṣì rí ilé tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Ní erékùṣù Gorée, ní Senegal, Ilé Ẹrú tí a kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣì wà. Mo dáhùn pé àwọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹni tí ó bá fẹ́ sẹ́ ọ̀ràn, ẹ̀rí ni ó kọ́kọ́ ń wó. Ní Àgbádárìgì kan náà, a ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníṣẹ́ CMS kọ́ ní ìgbà 1840, a sì ní òkúta ìrántí ní ibi tí igi Agia ti wà, igi tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, tí ó sì wó ní 1959. Igi wó, ìtàn kò wó, nítorí pé ẹnìkan fi òkúta sí ibẹ̀. Ilé ẹ̀ṣẹ̀ àti ilé ìwàásù wà nínú ìlú kan náà, ọmọ wa yóò rí méjèèjì, yóò sì mọ irú ẹni tí a jẹ́.

Ǹjẹ́ kí ni ti Ọ̀tà? Ìlú Àwórì àtijọ́ ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ sì gbajúmọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1854 ni James White, ọmọ Sàró tí CMS rán wá, ti ń gbé láàárín wọn, tí ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. A ní ààfin, a ní ojúbọ, a ní ilé ìdílé tí amọ̀ rẹ̀ ṣì dúró lábẹ́ sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ti yí ìlú náà ká, Èkó ti kún dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, owó ilẹ̀ sì ń ga lójoojúmọ́. Mélòó nínú àwọn tí ń sọ fún awakọ̀ pé "Ojú Ọrẹ ni mo ń lọ" ni ó ti bi àgbàlagbà kan léèrè rí ìdí tí ibẹ̀ fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Orúkọ náà jẹ́ ilé kan. Ó lè wó bí ilé ti ń wó, láìsí katakata.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo bẹ̀ yín kò nílò owó ìjọba. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ ilé ìwé jáde lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fi téèpù wọn ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò, kí wọ́n yà á sínú ìwé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ẹni tí ó gbé inú rẹ̀, àti ọdún tí wọ́n kan páànù sí i. Ẹ̀yin olórí ẹbí, kí ẹ tó pe oníkatakata, ẹ pe ayàwòrán. Bí ó bá di dandan pé kí ilé lọ, ẹ má jẹ́ kí ìrántí rẹ̀ bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì lágbára láti tún ilé baba yín ṣe, ẹ má kàn tì í pa kí ó di ilé aláǹgbá. Ẹ gbé inú rẹ̀, ẹ tajà nínú rẹ̀, ẹ kọ́ ọmọdé ní ìwé nínú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ ni ó ń mú ilé pẹ́.

Òwe wa kò tíì kú. Àwọn ọmọ tí a ó bí lọ́la ní Ojú Ọrẹ, ní Èkó àti ní Àjàṣẹ́ yóò nílò orúkọ, a ó sì tún wá ilé tí a ó wò. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a bá a lórí ìdúró.